Ẹmọ́ Ni, Kì í Ṣe Èèmọ̀

Lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fà mí sẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé òtítọ́ ni pé eku ni ìyá ìyá mi ń ránṣọ fún ní Warri kí wọ́n tó kú. Mo ní rárá o, kì í ṣe aṣọ, ibùsùn ni. Ó wò mí, ó gbé àwo rẹ̀, ó rọra lọ jókòó síbòmíì.

Nítorí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ èyí. Ọ̀rọ̀ tó bá kúrò ní Warri, tó gba Sapele, tó gba Benin, kó tó dé Ìjẹ̀bú ojú rẹ̀ á ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, èmi tí mo wà níbẹ̀. N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí Màmá tàbí agboolé tí wọ́n ti wá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Màmá fúnra wọn kò fẹ́ràn ìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí. Wọ́n á ní: “Fo ibi tí kò sí ẹran níbẹ̀.”

Ọwọ́ Màmá ni mo dàgbà sí, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri–Sapele Road, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń jó irin. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, ọmọ ọmọ mi ń lọ síléèwé, ṣùgbọ́n títí Màmá fi kú, bí mo bá gbé bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ mi títí n ó fi padà síta lọ bọ́ ọ.

Ìtẹ́dìí ọmọ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń rán ìtẹ́dìí, wọ́n ń rán ọ̀já, wọ́n ń rán ibùsùn pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ́ ọmọ tuntun. Ẹnu àwọn ará Warri kò gba ìtẹ́dìí, nítorí náà Mama Napkin ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa Yorùbá ń pè wọ́n ní Ìyá Onítẹ́dìí. Nígbà tí Páńpáàsì dé, tó gba ìdí gbogbo ọmọ, iṣẹ́ náà kú. Àwọn tí wọ́n jọ ń rán an ta máṣìnì wọn, wọ́n lọ ń ta omi inú ọ̀rá. Màmá kò tà. Wọ́n ń pààrọ̀ sípì, wọ́n ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó bá gùn jù, wọ́n sì ń dúró. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n á ní: “Ìdí ò lè tán láyé.”

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ máṣìnì wọn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ epo kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ epo máa ń wọ́n ní Warri bí ẹni pé òkè òkun ni ó ń gbà délé wa. Bí iná bá lọ, gbogbo àdúgbò á gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á máa sáré kiri. Ẹni tó ń jó irin á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á káwọ́ lérí. Màmá á máa tẹ máṣìnì tiwọn lọ, kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á ké jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù: “Ẹsẹ̀ mi ni jẹnẹrétọ̀ mi. Kì í mu epo.”

Wọn kì í gbà pé àwọn ti di ará Warri, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ẹ ó fi mọ̀. Gbogbo wa ń jẹ sítáàṣì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn, Màmá nìkan ni kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ sítáàṣì dáadáa, òun ni àwọn fi ń lọ aṣọ kí ó gún, báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe máa gbé e mì? Ìkọ́kọrẹ́ ni tiwọn. Mama Efe, obìnrin Urhobo tó ń ta ẹja gbígbẹ ní iwájú wa, ni ọ̀rẹ́ wọn, òun náà sì ni alátakò wọn. Lọ́jọ́ kan mo yà sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ láti ra ẹja, mo bá Màmá níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ìka bọ sítáàṣì, wọ́n ń gbé e mì láìrún un, bí ọmọ onílẹ̀. Mama Efe fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá kò yí ojú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Inú mi náà, ṣé kò yẹ kó gún ni?”

Ọ̀rọ̀ ẹmọ́ òyìnbó náà nìyí o.

Obìnrin kan láti Èkó ń gbé ní Ekpan, iṣẹ́ epo ni ó gbé ọkọ rẹ̀ wá. Ìyá Tòmíwá là ń pè é. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè bóyá Màmá ní ègé aṣọ tí kò wúlò mọ́. Màmá ní kò sí ègé tí kò wúlò, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ó ní ọmọ òun ń sin ẹran kékeré kan, pé ìyẹ̀fun igi ni àwọn ń dà sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun náà ń mú un sín. Màmá ní kí ó lọ gbé e wá kí àwọn rí i.

Inú páálí bisikíìtì ni ó gbé e sí. Fún ẹni tí kò rí i rí, ẹmọ́ òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní guinea pig, tóbi ju eku lọ, kò nírù, irun rẹ̀ funfun ó sì pupa láwẹ́láwẹ́, etí rẹ̀ rọ̀ bí ewé gbúre. Bí ó bá gbọ́ ìró ọ̀rá, á máa ké wíì-wíì, torí ó rò pé koríko ti dé. Èmi wo ojú rẹ̀, ojú náà wù mí. Màmá kò wo ojú. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo ìdí rẹ̀. Ìdí náà tutù, irun ibẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ara rẹ̀ ti ń pọ́n. Màmá kanra mọ́ Ìyá Tòmíwá bí ẹni pé ọmọ ènìyàn ni ó gbé wá: báwo ni yóò ṣe tẹ́ ọmọ sórí ìtọ̀ bẹ́ẹ̀? Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹran lásán ni, mà, pé ilé àwọn sì mọ́ tónítóní, àwọn ní ẹni tó ń nulẹ̀ láràárọ̀. Màmá ní: “Ìdí tútù ò mọ ilé olówó.”

Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aṣọ onírun tó rọ̀ múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní fílíìsì ni wọ́n lò. Inú búláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà la ti ń rí i. Wọ́n fi fílíìsì sókè, wọ́n fi ìnura àtijọ́ sáàárín, wọ́n tún fi fílíìsì sísàlẹ̀, wọ́n ṣẹ́tí rẹ̀ yíká, wọ́n sì gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹran náà lè rí ibi gbé àgbọ̀n lé. Ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ẹran náà sí i, tó tọ̀, ìtọ̀ náà dúró lójú aṣọ róbótó-róbótó bí omi lórí ewé kókò. Ìyá Tòmíwá ní bóyá aṣọ náà ni kò dáa. Màmá ní ó dáa, ìgbéraga ló ń ṣe é. Wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n tún fọ̀ ọ́, wọ́n tún sá a, wọn kò jẹ́ kí a fi nǹkan olóòórùn dídùn kankan sí i. Bí wọ́n ti ń ṣe ìtẹ́dìí tuntun láti ayébáyé nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìtọ̀ bá kan ojú rẹ̀, á wọlé lọ bá ìnura, òkè á gbẹ. Wọ́n gbé e lé Ìyá Tòmíwá lọ́wọ́, wọ́n ní: “Aṣọ tuntun a máa ṣe fújà. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́ ọ.”

Ìyá Tòmíwá ya ibùsùn náà sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá tí ọmọ wọn jọ wà níléèwé. Ìgbà tí a ó fi mọ̀, àwọn ènìyàn ti ń gbé páálí wá láti Ekpan, láti Ugbolokposo, láti àwọn ilé onígéètì tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹmọ́ wà nínú wọn. Èmi ń gé, Màmá ń rán. Ìyá Tòmíwá fún wa ní takọtabo kan nínú èyí tí tirẹ̀ bí, kí Màmá lè máa fi dán ibùsùn wò kí ó tó jáde. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni àgò wọn wà. Wọ́n sì mọ bí a ṣe ń bí.

Mama Efe kò jẹ́ ká gbádùn. Bí ó bá ti kọjá, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, á pọ́n ètè lá.

“Mama, this one don fat well well. Na pepper soup e dey find.”

“Na customer be dat,” ni Màmá máa ń wí, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú tó wà nínú Pidgin wọn. “You dey put customer for pot?”

Mama Efe á ní bí customer bá sanra tó báyìí, òun lè fi sí i. Màmá á yíjú sí mi, wọ́n á sọ ọ́ ní Yorùbá kí n lè fi sọ́kàn: “Oníbàárà kì í wọnú ìkòkò.” Mama Efe kan náà ni ó ń já ewé ànàmọ́ wá fún àwọn ẹran náà lójoojúmọ́, tó ń dà á sílẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bí ẹni pé ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí èmi àti Màmá fi máa ń jà. Ẹ mọ̀ pé nínú àṣà wa, a kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ kí a tó bí i. Ìyá Onítẹ́dìí ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò rán ìtẹ́dìí fún oyún rí. Bí aboyún bá wá, wọ́n á kí i, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ní kí ó padà wá pẹ̀lú ohùn ayọ̀. Wọ́n wá gbé àṣà náà ka orí ẹmọ́.

Ọkùnrin kan wá láti Ugbolokposo, Bàbá Ìtùnú. Ó ní òun fẹ́ ra ẹmọ́ fún ọmọbìnrin òun, kí Màmá rán ibùsùn sílẹ̀ dè é. Màmá ní níbo ni ẹran náà wà? Ó ní ó ń bọ̀ láti Èkó. Màmá ní ire ni yóò bá bọ̀, kí ó tó dé, àwọn kò ní gbé abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé fóònù jáde, ó fi fídíò ẹran náà níbi tó ti ń jẹ kárọ́ọ̀tì hàn wọ́n. Màmá gba fóònù náà, wọ́n wò ó, wọ́n yí fóònù náà sódì bóyá àwọn á rí ìdí rẹ̀. Wọ́n dá a padà fún un. Mo sọ fún wọn pé ẹran ni o, Màmá, kì í ṣe ọmọ, wọ́n ti bí i, ó ti wà láyé. Wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀? Mo ní rárá. Wọ́n ní àwọn náà kò gbọ́ ọ, torí fóònù Bàbá Ìtùnú kò mú ohùn jáde. Wọ́n wá sọ pé: “A kì í tẹ́ ibùsùn de ẹni tí a ò tíì gbọ́ igbe rẹ̀.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dára ni pé èyí fún mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ẹran ọ̀sìn ní Benin fẹ́ ká rán ọ̀pọ̀ ibùsùn ránṣẹ́, n kò bá Màmá jiyàn mọ́. Mo ní kí onítọ̀hún gba igbe àwọn ẹran náà sórí fóònù, kí ó fi ránṣẹ́. Màmá gbé e sétí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wíì-wíì. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní: “Ó ti dé. Gé tirẹ̀.” Bí wọn kò bá gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n á ní kí wọ́n jí i, kó tún ké.

Ẹnu iṣẹ́ yìí la wà, inú ayọ̀ la wà, nígbà tí Àlàájì pe fóònù mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àlàájì ni àbúrò ìyá mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún Màmá láyé. Mo ti jáde lọ sí ọjà òkìrìkà. Kúdí, ọmọ mi, ni ó gbé fóònù náà. Warri ni a bí Kúdí sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ni ó fi ń dáni lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọ̀wọ̀ Àlàájì, ó ní òun á gbìyànjú. Àlàájì béèrè ohun tí Màmá ń ṣe lọ́wọ́.

“Màmá ń rán ibùsùn fún èèmọ̀, sà.”

Ẹ jẹ́ kí n là á fún àwọn ọmọ wa tó bá máa kà á. Ẹmọ́ ni ẹran. Èèmọ̀ ni ohun tí ojú kò rí rí, ohun burúkú tí àgbà ń rí tó ń sá. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àlàájì ní fún kí ni?

“Èèmọ̀, sà. Wọ́n ti pọ̀ nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bí òmíì.”

Àlàájì bi í pé ṣé òun náà ń rí wọn. Kúdí ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni òun ń fún wọn ní koríko, wọ́n sì máa ń ké bí wọ́n bá gbọ́ ohùn Màmá. Àlàájì ní kí ó máa ka àdúrà kó tó sùn. Mo wọlé dé, Kúdí ní: “Mummy, e be like say Alhaji no well.”

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Àlàájì fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Mo gbé ẹran kan jáde, mo fi hàn wọ́n, mo ní: “Àlàájì, ẹmọ́ ni, kì í ṣe èèmọ̀. Kúdí ló ṣi ohùn pè.” Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù kúrò lára wọn, ìtìjú ló rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà nílé, wọ́n ti ṣe àdúrà, wọ́n ti ṣèlérí fún gbogbo ènìyàn pé àwọn ń lọ mú Màmá bọ̀. Kí ni àwọn fẹ́ lọ sọ báyìí? Pé kì í ṣe èèmọ̀, pé eku lásán ni? Ìyá tó dàgbà tó báyìí, tó bímọ, tó ní ọmọ ọmọ, tó ń tẹ́ ibùsùn fún eku lẹ́bàá títì? Wọ́n á ní a kò bọ́ wọn ni. Wọ́n ní yàrá ti wà ní sẹpẹ́ ní Ìjẹ̀bú, fáànù wà níbẹ̀, telifíṣọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó máa dáná wà. Kí n dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Kí a fi máṣìnì ṣe sàárà fún ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́.

Mo ti rí àwọn tí wọ́n jọ ń rán ìtẹ́dìí tí wọ́n ta máṣìnì wọn. Kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n kí ọdún tó yí, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mú Màmá kúrò nídìí máṣìnì yẹn, wọn kò ní pẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ló sọ̀rọ̀. Ní ilé wa, bí ọmọkùnrin ìyá bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ kì í fèsì.

Màmá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, wọ́n fi há gèlè, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

“Ràsákì, kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ ó máa sinmi, Màmá.”

“Bí mo bá sinmi tán ńkọ́?”

Àlàájì yí tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní ẹbí ń retí wọn. Màmá kò bá wọn jà. Wọ́n ní ó dáa, kí n kó aṣọ àwọn sínú báàgì. Àfi pé ibùsùn àwọn oníbàárà kan wà nílẹ̀, kí Àlàájì ṣe sùúrù kí àwọn kọ́kọ́ pín in lójú ọ̀nà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mama Efe kò sọ̀rọ̀ ata lọ́jọ́ náà. Ó dì mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ń wo Màmá, ó sì já ewé ànàmọ́ kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ekpan la kọ́kọ́ dé. Àlàájì kò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn kò wọlé eku. Nígbà tí Ìyá Tòmíwá gbọ́ ibi tí Màmá ń lọ, ó gba ibùsùn náà, ó gbàgbé láti dúpẹ́, ó dúró sẹ́nu géètì títí a fi yí kọ́nà.

Ugbolokposo ni ibi tó kẹ́yìn, ilé Bàbá Ìtùnú tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, tí ẹmọ́ tó rà ti dé láti Èkó. Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà Sapele ló kù. Kí a tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, Ìtùnú sáré jáde, ọmọ kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Ẹ̀gbẹ́ tí Àlàájì wà ni ó yà sí. Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ẹmọ́ mi ti bímọ.”

Àlàájì gbójú sókè. Wọ́n ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ, ẹmọ́, ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó mọ́ gaara. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní Màmá ni. Ó ní nígbà tí òun wá gba ibùsùn, Pidgin ni òun sọ, Màmá ní kí òun lọ kọ́ orúkọ ẹran òun wá ná. Bí òun bá pè é ní èèmọ̀, ẹ̀rù ara rẹ̀ á bà á, á sá lọ. Bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn sọ pé gbogbo ọjọ́ ni Ìtùnú fi ń pè é kiri ilé títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu, àti pé ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti ìyá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti wá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí pé ẹnì kan ń túmọ̀. Àlàájì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra wọn.

Ọmọ ẹmọ́ òyìnbó kì í dà bí ti eku. Tirun-tirun ni wọ́n ń bí i, ojú rẹ̀ á ti là, á máa rìn. Àwọn ọmọ náà pagbo yí ìyá wọn ká lórí ibùsùn tí Màmá rán. Àlàájì gbé etí jàlàbíà wọn sókè, wọ́n ń wò wọ́n láti òkèèrè. Bí a ti dúró bẹ́ẹ̀, ìyá ẹran náà tọ̀ síbi tó jókòó sí, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú, wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà mọ́ ibẹ̀.

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó gbẹ,” ni Àlàájì wí.

“Bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn.”

Màmá ti jọ̀wọ́ ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n Àlàájì kò tètè gbé àtẹ́lẹwọ́ náà kúrò. Ọmọ ẹmọ́ kan rìn wá, ó gbóòórùn òrùka wọn, ó gun ọwọ́ náà, ó jókòó sí i. Ìtùnú ní kí wọ́n má mira, wọ́n á dẹ́rù bà á. Àlàájì kò mira. Ìtùnú sọ fún wọn pé òun kò tíì sọ ẹyọ yẹn lórúkọ, pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á rò ó.

A padà sínú ọkọ̀. Báàgì Màmá wà lórí itan mi. Àlàájì ṣáná sí ọkọ̀, a jáde sí títì, mo di báàgì náà mú ṣinṣin, mo ń retí kí wọ́n yà sí ọ̀nà Sapele. Wọn kò yà síbẹ̀. Apá Effurun ni wọ́n kọrí sí, ọ̀nà ilé. Mo wo Màmá. Wọ́n ti di ojú, bóyá wọ́n ń sùn, bóyá wọn kò sùn. Lójú ọ̀nà, Àlàájì bi mí pé ṣé akọ ni ẹyọ yẹn àbí abo. Mo ní kò tíì hàn.

Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Mama Efe fi ẹja sílẹ̀, ó dìde dúró. Àlàájì fúnra wọn gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnì. Wọ́n dúró níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà.

“Màmá, wọ́n ń retí yín nílé. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Màmá ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ máṣìnì, wọ́n ń wá ojú abẹ́rẹ́ láti fi òwú sí i.

“Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Má bá wọn dá ọjọ́.”